Kí ni wọ́n ń pè ní “dump”? Bí ẹ ṣe lè fi àṣẹ kan kó dátábéèsì ẹgbẹ́ yín jáde sínú fáìlì

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìwé aládàáni àti ṣọ́ọ̀bù oògùn tó ti gbé àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú rẹ́jísítà oníwèé lọ sórí kọ̀ǹpútà ti wá pọ̀ ní Ìlọrin, wọ́n sì wà ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin tàbí ti Kwara Poly kan ló bá wọn kọ ètò náà. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ níbi tó jìnnà, ó ku kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe kọ̀ǹpútà, yóò kọ̀wé wá pé: “Ẹ bá mi ṣe dump dátábéèsì yẹn, kí ẹ fi ráńṣẹ́.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Akọ̀wé kan á ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Òmíràn á da fólídà kan kọ sínú fúláàṣì. Òmíràn á wá fáìlì Excel tí wọ́n tẹ̀ fún ìpàdé ọdún tó kọjá, á fi ìyẹn ráńṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ohun tí wọ́n béèrè. Ohun tí wọ́n béèrè kò le, àṣẹ ìlà kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí àṣẹ náà ń ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí àmì kékeré kan tí ẹ bá ṣì tẹ̀ lè pa ẹ̀dà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Kí ni dátábéèsì, kí sì ni fáìlì .sql?

Dátábéèsì ni ibi tí ètò orí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Inú rẹ̀ pín sí tábìlì: tábìlì kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òmíràn fún owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù, òmíràn fún owó tí wọ́n yá. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní òpó (orúkọ, àdúgbò, iye owó) ó sì ní ìlà, ìlà kan fún ẹnì kan tàbí fún owó kan tó wọlé.

Ètò tó ń ṣọ́ tábìlì wọ̀nyí tọ̀sán-tòru là ń pè ní sáfà dátábéèsì. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa, MySQL ni, tàbí MariaDB tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ó sì sábà máa ń bá XAMPP wọlé, ìyẹn àkójọ ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lásán ṣe iṣẹ́ sáfà. Tí ẹ bá tiẹ̀ rí “MySQL” lára XAMPP òde òní, MariaDB ló wà nínú rẹ̀ gan-an. Kò yí ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín padà, ṣùgbọ́n a máa padà bá a níwájú.

Ohun tí wọ́n ń pè ní dump ni fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, tí Notepad lè ṣí, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí pẹ̀lú .sql (SQL ni èdè tí a fi ń bá sáfà dátábéèsì sọ̀rọ̀). Ẹ fojú inú wo akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tó ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀, tó jókòó ti ẹni tó fẹ́ gbapò rẹ̀. Kò gbé rẹ́jísítà tirẹ̀ fún un. Ó ní kó mú ìwé tuntun, kó fa òpó mẹ́ta sí i, kó kọ “orúkọ” sí orí òpó kìíní. Lẹ́yìn náà ló wá ń pe orúkọ àti owó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kejì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé àkọ́kọ́ pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni fáìlì .sql. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ lè tún rẹ́jísítà náà kọ láti òfo, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ní ìlú mìíràn.

Bí inú rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyí:

```
DROP TABLE IF EXISTS `omo_egbe`;
CREATE TABLE `omo_egbe` (
  `id` int(11) NOT NULL AUTO_INCREMENT,
  `oruko` varchar(100),
  `adugbo` varchar(60),
  PRIMARY KEY (`id`)
);
INSERT INTO `omo_egbe` VALUES (1,'Àṣàkẹ́','Ìpàtà'),(2,'Ràfíù','Tanke');
```

Ìlà àkọ́kọ́ ní: bí tábìlì tó ń jẹ́ omo_egbe bá ti wà ńlẹ̀, ẹ wó o. Èkejì ní: ẹ kọ́ ọ tuntun. Èyí tó kẹ́yìn ní: ẹ kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí sínú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìlà àkọ́kọ́ yẹn o. Òun ló ń da àwọn ènìyàn láàmú.

Ṣé a ò kàn lè da fólídà rẹ̀ kọ ni?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí, ẹni tó ṣe é kì í sì í mọ̀ títí di ọjọ́ tó bá nílò rẹ̀. Nínú C:\xampp\mysql\data, ẹ ó rí fólídà kan tó ń jẹ́ orúkọ dátábéèsì yín. Ó máa ń wu ènìyàn láti dà á kọ sínú fúláàṣì, kó sì sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ yín kò sí nínú fólídà yẹn nìkan. Irú tábìlì tí wọ́n ń lò jù, èyí tó ń jẹ́ InnoDB, máa ń fi apá kan ìwé ìdánimọ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ ibdata1, tó wà lóde fólídà náà, tí gbogbo dátábéèsì orí kọ̀ǹpútà yẹn jọ ń lò. Bí ẹ bá gbé fólídà yín nìkan lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, orúkọ tábìlì á hàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, sáfà á ní “doesn't exist in engine”, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 1932. Orúkọ ló dé, àkọsílẹ̀ ò dé.

Èkejì, bí sáfà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ẹ ń da fólídà náà kọ, apá kan lè ti yí padà kí ẹ tó kọ apá kejì tán. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń da fólídà kọ láìséwu, pẹ̀lú sáfà tí wọ́n pa pátápátá àti gbogbo fólídà data látòkè délẹ̀. Fún ẹgbẹ́ kékeré, fáìlì .sql ló rọrùn, ó sì ṣeé kà lójú.

Kí lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó tẹ àṣẹ?

Nǹkan mẹ́rin ni. Ẹ rí i pé sáfà wà lẹ́nu iṣẹ́: nínú XAMPP Control Panel, ẹ̀yìn orúkọ MySQL gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ewé. Ẹ mọ orúkọ dátábéèsì gan-an. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ ṣí phpMyAdmin, ojú ìwé tó bá XAMPP wá fún wíwo dátábéèsì, àwọn orúkọ náà wà lápá òsì. Ẹ mọ orúkọ aṣàmúlò àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Nínú XAMPP tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, root ni orúkọ, kò sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà (èyí kò dára, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn). Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ ibi tí irinṣẹ́ wà. Irinṣẹ́ náà ń jẹ́ mysqldump, ó sì wà nínú C:\xampp\mysql\bin. Lórí kọ̀ǹpútà Linux tó ní MariaDB tuntun, ẹ lè bá a lórúkọ mariadb-dump. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àṣẹ náà gan-an ńkọ́?

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Fèrèsé dúdú kan á ṣí. Ibẹ̀ la ń pè ní ojú ìlà àṣẹ: dípò kí ẹ máa fi mouse tẹ nǹkan, ẹ ó kọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ ó sì tẹ Enter. Ẹ kọ́kọ́ ṣe fólídà tí fáìlì máa wọ̀, ká ní D:\ipamo, torí mysqldump kì í bá ènìyàn ṣe fólídà. Lẹ́yìn náà:

```
cd /d C:\xampp\mysql\bin
mysqldump -u root -p --single-transaction --routines --default-character-set=utf8mb4 --result-file=D:\ipamo\alajeseku_2025-06-30.sql alajeseku
```

Ìlà kejì yẹn gùn, ìlà kan ṣoṣo sì ni. Ẹ má pín in sí méjì. Ẹ jẹ́ ká tú u.

-u root ni orúkọ ẹni tó ń wọlé. -p ní kí sáfà béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí iwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó béèrè. Tó bá ti béèrè, ẹ tẹ̀ ẹ́. Lórí Linux, ohunkóhun ò ní hàn bí ẹ ṣe ń tẹ̀. Lórí Windows, ìràwọ̀ lẹ ó rí. Kíbọọ̀dù ò bàjẹ́. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ tẹ Enter lásán.

--single-transaction ló ń jẹ́ kí gbogbo tábìlì jẹ́ ti àkókò kan náà. Ká ní akápò ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nígbà tí ẹ ń kó o jáde. Láìsí ọ̀rọ̀ yìí, sáfà á ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan títí iṣẹ́ fi tán. Pẹ̀lú rẹ̀, akápò á máa bá iṣẹ́ lọ, fáìlì yín á sì gbé àwòrán ìṣẹ́jú tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nìkan. Tábìlì InnoDB nìkan ló wúlò fún.

--routines ń kó àwọn ètò kékeré tí wọ́n kọ sínú dátábéèsì fúnra rẹ̀, bí irú èyí tó ń ṣírò èlé owó yíyá. Láìkọ ọ́, wọn kì í bá a jáde, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ètò yín á fi kọ̀ láti ṣírò lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Tí ẹni tó kọ ètò bá ní iṣẹ́ tó ń dá ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́, ẹ fi --events kún un.

--default-character-set=utf8mb4 jẹ́ ti àmì ohùn, a ó dé ibẹ̀. --result-file ni ibi tí fáìlì máa balẹ̀ sí. Orúkọ dátábéèsì ló kẹ́yìn.

Ẹ wo déètì tó wà nínú orúkọ fáìlì: ọdún, oṣù, ọjọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, fólídà á máa tò wọ́n bó ṣe yẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi àmì / tàbí : sí orúkọ fáìlì, Windows kì í gbà wọ́n.

Tí ẹ bá tẹ Enter tí kò sọ nǹkan kan, tó kàn fún yín ní ìlà tuntun, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Mysqldump kì í kí ènìyàn kú iṣẹ́. Ìgbà tó bá kọ̀ nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí àwọn kan ń lo àmì > ?

Nínú ọ̀pọ̀ ìtọ́nisọ́nà, ẹ ó rí i báyìí:

```
mysqldump -u root -p alajeseku > alajeseku.sql
```

Àmì yẹn ní kí ohun tó yẹ kó hàn lójú kọ̀ǹpútà ṣàn wọ inú fáìlì. Ó ń ṣiṣẹ́, lórí Linux gbogbo ènìyàn ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó ní ewu méjì.

Àkọ́kọ́: kọ̀ǹpútà máa ń ṣí fáìlì náà, á sì nù ún mọ́ pátápátá, kí mysqldump tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Bí alajeseku.sql ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bá wà níbẹ̀, tí ẹ sì ṣi ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀ lónìí, tọ̀sẹ̀ tó kọjá ti lọ, tòní ò sì wá. Ohun tó kù ni fáìlì tó wọn òdo. Ìdí tí déètì fi gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ nìyẹn, kì í ṣe fún ẹwà.

Èkejì: tó bá jẹ́ pé PowerShell lẹ ṣí dípò cmd (fèrèsé búlúù tó bá Windows wá), àmì > inú rẹ̀ máa ń kọ fáìlì ní irú lẹ́tà kan tó ń jẹ́ UTF-16. Fáìlì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ní ìlọ́po méjì, á sì dára lójú tí ẹ bá ṣí i nínú Notepad, ṣùgbọ́n MySQL ò ní lè kà á lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá a padà. --result-file kò ní ìṣòro kejì yìí.

Àmì < tó kọjú sí òdìkejì ni ti dídápadà. Àwọn kan máa ń kọ mysqldump pẹ̀lú < nígbà tí wọ́n fẹ́ dá nǹkan padà. Kò ní dá ohunkóhun padà. Á kàn tú àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń sáré. Mysqldump ń kó jáde nìkan. Mysql, láìsí dump lẹ́yìn rẹ̀, ló ń kó wọlé.

Bó bá kọ̀, kí ló ń sọ?

“'mysqldump' is not recognized” túmọ̀ sí pé Windows kò mọ ibi tí irinṣẹ́ wà. Ẹ kò tíì wọ inú fólídà bin. Ẹ padà sí àṣẹ cd.

“Can't connect to MySQL server”, pẹ̀lú nọ́ńbà 2002 tàbí 2003: sáfà ò ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ Start nínú XAMPP. Tó bá jẹ́ pé iná lọ lójijì ni ó fa èyí tí MySQL fi kọ̀ láti dìde, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì rẹ́ nínú fólídà data nítorí pé ẹnì kan lórí YouTube ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fólídà data kọ síbòmíràn, ibdata1 àti gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

“Access denied”, nọ́ńbà 1045: orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà kò bára mu. Ẹ wo ìparí ìlà náà. Bó bá ní “using password: NO”, ẹ ò fi ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sí i. Bó bá ní YES, ẹ fi sí i, òun ló ṣì.

“Unknown database”, nọ́ńbà 1049. Nígbà mìíràn, orúkọ lẹ ṣì kọ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ tó dárúkọ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ẹ ti kọ “-p”, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Mysqldump rò pé orúkọ dátábéèsì ni.

Bí dátábéèsì yín bá wà lórí ilé-iṣẹ́ tó ń gbàlejò wẹ́ẹ̀bù, ẹ tún lè pàdé ọ̀rọ̀ kan nípa “PROCESS privilege”. Ó bẹ̀rẹ̀ láti MySQL 8.0.21 àti 5.7.31. Ẹ fi --no-tablespaces kún àṣẹ, á lọ. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé fáìlì náà pé?

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ ná. Ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 400, tí oníkálukú ń dáwó lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọdún 5, ní ìlà 24,000 nínú tábìlì ìdáwó. Bí ìlà kan bá jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 80, fáìlì á tó mẹgabáìtì 2. Bí tiyín bá jẹ́ kilobáìtì 1, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí i nínú Notepad, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìlà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “-- Dump completed on”, pẹ̀lú déètì àti àkókò. Bí ìlà yìí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ ti já láàárín: bóyá iná lọ, bóyá fúláàṣì kún. Ẹ tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ìlà yẹn kò sọ ju pé mysqldump kọ̀wé tán lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi lè mọ̀ pé fáìlì náà ṣeé lò ni kí ẹ dá a padà sínú dátábéèsì òfo, kí ẹ sì kà á. Mo rò pé ẹgbẹ́ tí kò tíì ṣe èyí rí kò tíì ní ẹ̀dà ìpamọ́. Fáìlì lásán ni wọ́n ní.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ rántí ìlà DROP TABLE. Bí ẹ bá dá fáìlì ti oṣù Kẹta padà sínú dátábéèsì tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ní oṣù Kẹfà, ó máa wó gbogbo tábìlì, á sì kọ́ ti oṣù Kẹta sípò rẹ̀. Owó oṣù mẹ́ta á pòórá láìsí ìbéèrè “ṣé ó dá yín lójú?” kankan. Nítorí náà, dátábéèsì mìíràn lẹ ó ṣe:

```
mysql -u root -p -e "CREATE DATABASE idanwo CHARACTER SET utf8mb4"
mysql -u root -p --default-character-set=utf8mb4 idanwo < D:\ipamo\alajeseku_2025-06-30.sql
```

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó tún fara sin. Bí ẹni tó ṣe dump bá fi --databases sí àṣẹ rẹ̀, fáìlì náà á ní ìlà “USE `alajeseku`” lókè. Ẹ ò bá kọ idanwo títí, inú alajeseku gan-an ló máa wọ̀ lọ. Ẹ ṣí fáìlì, ẹ wá ọ̀rọ̀ USE kí ẹ tó dán an wò. Àṣẹ tí mo kọ sókè kò ní --databases, kò ní ìlà yìí.

Bó bá ti wọlé, ẹ ka iye ìlà, ẹ sì ro owó pọ̀, nínú méjèèjì:

```
SELECT COUNT(*) FROM idawo;
SELECT SUM(iye) FROM idawo;
```

Ẹ lè tẹ ìwọ̀nyí nínú phpMyAdmin, lábẹ́ SQL. Nọ́ńbà alajeseku àti ti idanwo gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì kọ nǹkan tuntun lẹ́yìn tí ẹ kó o jáde.

Nígbà tí ẹni tó gba fáìlì bá ní ó kọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó lè jẹ́ ọ̀ràn MySQL àti MariaDB tí mo ní a máa padà sí. Fáìlì tó ti inú MySQL 8 wá sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ utf8mb4_0900_ai_ci, tí MariaDB inú XAMPP kò mọ̀, á sì ní “Unknown collation”. Ẹ fi utf8mb4_unicode_ci rọ́pò rẹ̀ nínú gbogbo fáìlì náà. Láti inú MariaDB tuntun sí MySQL, ìlà àkọ́kọ́ gan-an lè ní ọ̀rọ̀ “enable the sandbox mode”. MySQL á kọ̀ ọ́. Ẹ pa ìlà kan ṣoṣo yẹn rẹ́. Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe àwọn àtúnṣe yìí lórí rẹ̀.

Kí ló ń sọ Ṣẹ́gun di ?​?gun?

Lẹ́tà ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kì í ṣe ara àwọn lẹ́tà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mọ̀. utf8mb4 ni ètò lẹ́tà tó gbà wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: nínú tábìlì, nígbà kíkójáde, nígbà dídápadà.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín irú ìbàjẹ́ méjì. Bí orúkọ bá kún fún lẹ́tà tí kò nítumọ̀, bí irú á àti º tó tò lé ara wọn, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà gidi ṣì wà nísàlẹ̀, kí ó jẹ́ pé ojú tí a fi ń kà á ni kò tọ́. Èyí ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àmì ìbéèrè gidi ló wà nínú fáìlì, lẹ́tà ti lọ. Kò sí àṣẹ tó lè mọ̀ bóyá Ṣ ni tàbí Ọ. Ìgbà yẹn, rẹ́jísítà oníwèé àtijọ́ lẹ ó padà lọ ṣí.

Alága ní Excel lòun fẹ́

Ìyẹn kì í ṣe dump, ṣùgbọ́n ohun tó bọ́gbọ́n mu ni. Nínú phpMyAdmin, ẹ ṣí tábìlì kan, ẹ tẹ Export, ẹ yan CSV, irú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí Excel lè ṣí bíi tábìlì. Ẹ má wá fi mouse tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i. Excel á rò pé nọ́ńbà ìṣirò ni nọ́ńbà fóònù, á gé òdo iwájú rẹ̀ dànù. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo náà, tí nọ́ńbà 10 á fi di 9. Ẹ ṣí Excel fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí Data, ẹ yan From Text/CSV, ẹ mú UTF-8, kí ẹ sì sọ òpó fóònù àti àkáǹtì di Text.

Bọ́tìnnì Export yìí lè ṣe fáìlì .sql pẹ̀lú, kò sì burú fún kíkójáde. Ìgbà dídápadà ló máa ń sú ènìyàn: PHP, èdè tí wọ́n fi kọ phpMyAdmin, ní ìwọ̀n tí fáìlì kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í gba èyí tó bá jù ú lọ.

Bó bá jẹ́ SQLite ńkọ́?

Àwọn ètò kékeré kan kò ní sáfà rárá; gbogbo dátábéèsì wọn jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tó parí pẹ̀lú .db tàbí .sqlite. Tiwọn rọrùn:

```
sqlite3 alajeseku.db ".backup ipamo_2025-06-30.db"
```

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán lẹ fẹ́, .dump ni ẹ ó kọ dípò .backup, pẹ̀lú àmì > àti orúkọ fáìlì. Fún irú èyí, ẹ lè da fáìlì náà kọ ní tààrà, bí ẹ bá ti pa ètò tó ń lò ó.

Kí ni kò sí nínú fáìlì náà, ibo ló sì yẹ kó wà?

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sábà máa ń wà nínú fólídà kan lábẹ́ C:\xampp\htdocs. Orúkọ fọ́tò nìkan ló wà nínú dátábéèsì. Ètò náà fúnra rẹ̀ wà ní htdocs pẹ̀lú. Ẹ da fólídà yẹn kọ lọ́tọ̀. Ìyẹn kò ní wàhálà ibdata1. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn tó ń wọ sáfà, bí root, kì í bá a jáde náà.

Ẹ máa kó o jáde kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, nígbà tí iná tàbí jẹnẹrétọ̀ ṣì wà. Ẹ̀dà kan lè wà lórí kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n òmíràn gbọ́dọ̀ wà níbi tí olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà lọ kò ní dé.

Ẹ má jù ú sínú gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́. Orúkọ, fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì àti gbèsè gbogbo ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní Notepad sì lè kà á. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ti sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tó ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti dáàbò bò ó. 7-Zip kì í gba owó, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀ ni, ó lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti fáìlì pa pẹ̀lú AES-256, ọ̀nà ìtìpa kan tó lágbára, á sì tún sọ ọ́ di kékeré, torí ọ̀rọ̀ lásán máa ń fún pọ̀ dáadáa. Ẹ fi fáìlì tí ẹ ti tì náà ráńṣẹ́ sí ẹni tó kọ ètò, kí ẹ wá pè é lórí fóònù láti sọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà business centre lẹ fi ráńṣẹ́, ẹ pa fáìlì náà rẹ́ nínú Downloads àti Recycle Bin, kí ẹ sì jáde kúrò nínú WhatsApp Web kí ẹ tó dìde.